Ta ló gbé pẹpẹ Ìyá Oníkọ̀ǹpútà kúrò níbi tó gbé e sí?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Kí ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá o, torí ẹni tí kò ní in gan-an ni yóò gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́, bí nǹkan bá sì dàrú lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ìwé oníwé ló máa bá a lọ.

Màmá kan wà láàárín wa níbí, ọmọ Iléṣà, tó ti lé ní 30 ọdún tó ti dé ìlú yìí. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló gbé wọn wá. Iṣẹ́ parí, ọkọ náà ti di olóògbé, ṣùgbọ́n màmá kò padà sílé. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló ní ní D/Line, níbi tó ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, tó ń ṣe fóòtòkọ́pì, tó sì ń fi ike bo ìwé ẹ̀rí. A kò ní dárúkọ rẹ̀ torí ó ní ká má dárúkọ òun. Ìyá Oníkọ̀ǹpútà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àti Yorùbá, àti Ìgbò, àti àwọn ọmọ onílùú. Orí táípúráítà ló ti bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà wá bá a lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Àwọn lọ́yà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Wọ́n á gbé àfidáfíìtì wá, wọ́n á gbé ìwé àdéhùn ilé wá, wọ́n á gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ wá. Ìwé mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń wà ní ṣíṣí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́yà kan á ní kó dúró díẹ̀ kí òun bá oníbàárà òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù, òmíràn á ní òun ń bọ̀ wá tún un kà, ẹ̀kẹta á ti lọ sí kọ́ọ̀tù, á ní òun yóò gbà á lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Kò lè máa tì wọ́n kó tún máa ṣí wọn. Ohun tó wá ń jẹ́ kí ìwé má ṣe pòpọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Fún ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà dáadáa: nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ náà, ẹ ó rí ohun kan tó nà gbọọrọ láti apá òsì dé apá ọ̀tún. Taskbar ni wọ́n ń pè é. Orí rẹ̀ ni bọ́tìnnì Start wà, ibẹ̀ ni aago wà, ibẹ̀ náà ni gbogbo iṣẹ́ tí èèyàn ṣí sílẹ̀ máa ń tò sí, kí a lè tẹ èyí tí a bá fẹ́. Àwa yóò máa pè é ní pẹpẹ, torí bí pẹpẹ ìsọ̀ ló rí. Ìyá aláta ní Mile 3 kì í wo ibi tí ata gbígbẹ wà kí ó tó na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ ti mọ ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà, ẹ lọ bá a yí àtẹ rẹ̀ padà nígbà tó bá lọ jẹun.

Ojú ọ̀tún màmá yìí kò ríran dáadáa mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Láyé Windows XP, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fi máòsì fa pẹpẹ náà kúrò nísàlẹ̀, ó gbé e dúró sí apá òsì, ó sì fà á kó fẹ̀, tó fi jẹ́ pé orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan hàn ketekete, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan, bí orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà ilé ìwé. Ọmọkùnrin náà ti lọ sí Abuja tipẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe yẹn ni màmá fi ń jẹun. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ti lò lẹ́yìn ìgbà náà. Bó bá ti ra tuntun, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa ń ní kí wọ́n bá òun ṣe ni kí wọ́n gbé pẹpẹ lọ sápá òsì.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni iná dé pẹ̀lú agbára tó ju agbára lọ, ó sì jó kọ̀ǹpútà kẹta yìí. Màmá ra òmíràn. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tó mọ́, tí ètò tuntun sì wà lórí rẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn yẹ̀yẹ́ wa o. Ìtòsí wa níbí ni ìlú Okrika wà, tí gbogbo Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ pe aṣọ tó ti ní olówó rí. Ní Port Harcourt, ohun àlòkù kì í ṣe àjèjì.) Ó ní kí ẹnjiníà tó tà á fún òun bá òun gbé pẹpẹ sápá òsì. Ọmọ náà fi máòsì mú un, ó fà á, kò mira. Ó tún un ṣe, ó wọ inú ètò lọ, ó wá a títí.

“Mọ́mì, kò ṣe é gbé mọ́ o. Ibẹ̀ ni wọ́n kàn án mọ́.”

“Ta ló kàn án mọ́ ibẹ̀, ọmọ mi?”

“Àwọn tó ṣe é ni, mà.”

Màmá rò pé ọmọ náà kò mọṣẹ́. Ó pe ẹlòmíràn, ẹni yẹn gbowó, ó fi ètò kékeré kan kún un, pẹpẹ náà sì ṣí lọ sápá òsì lóòótọ́. Kò pé oṣù kan tí kọ̀ǹpútà fi tún ara rẹ̀ ṣe lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, pẹpẹ ti padà sísàlẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé kò sí orúkọ ìwé kankan lórí rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìwé ti kó sẹ́yìn àmì kan ṣoṣo, bí èrò tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá gbé máòsì sórí àmì náà, àwòrán kéékèèké á yọ, ṣùgbọ́n bébà funfun tí wọ́n tẹ nǹkan dúdú sí ni gbogbo wọn, kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọkùnrin kan wá gba ìwé àdéhùn ilé. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, màmá tẹ àmì náà, ó mú èyí tó rò pé òun ni, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi pín-ìn-nì dè é pọ̀ mọ́ ojú ìwé àkọ́kọ́ tó ti tẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà délé, ó ṣí ojú ìwé kejì, ó bá ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ níbẹ̀: ohun tí ìyàwó sọ nípa ọkọ, ohun tí wọ́n jọ ṣe nínú yàrá, gbogbo rẹ̀. Ó mọ ọkọ náà. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Ó dá ìwé náà padà lọ́jọ́ kejì, ó sì fi ọgbọ́n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kà á. Lọ́yà tó ni ìwé náà kò pariwo. Ó kàn dá iṣẹ́ dúró ni, ìdá tó pọ̀ nínú owó tó ń wọlé fún màmá lóṣù sì bá a lọ.

Nígbà tí a gbọ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa kò dára, a ò sì ní fi pa mọ́. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ là á sọ pé ọjọ́ orí ti ń dé sí màmá, pé kó jókòó sílé kí àwọn ọmọ máa fún un lówó. Màmá fúnra rẹ̀ ti ń gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò fọkàn tán ọwọ́ òun mọ́. Ni a bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà, àwa tí ojú wa méjèèjì ṣì ń ríran, a ṣí ìwé mẹ́wàá, a sì ní kí ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa pè wọ́n fún wa kí á máa mú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣi ìwé mú kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ìgbà yẹn ni a mọ̀ pé a jẹ màmá ní gbèsè ẹ̀bẹ̀, a sì bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni a wá lọ wádìí bí ọ̀rọ̀ pẹpẹ yìí ṣe jẹ́. Ohun tí a rí rèé.

Ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 1995 ni ilé iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà gbé Windows 95 jáde. Òun ni Windows àkọ́kọ́ tó ní bọ́tìnnì Start àti pẹpẹ. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ ti lè fi máòsì mú pẹpẹ náà kó gbé e lọ sókè, sápá òsì tàbí sápá ọ̀tún. Windows XP dé lọ́dún 2001, Vista lọ́dún 2007, Windows 7 lọ́dún 2009, Windows 10 lọ́dún 2015, àṣà yẹn kò parẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 2021 tí Windows 11 jáde, wọ́n tún pẹpẹ náà kọ́ láti ìpìlẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀ nìkan. Ohun tí àwọn èèyàn ti ń ṣe fún ọdún 26 dópin lọ́jọ́ kan.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan ló lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwé kọ̀ọ̀kan dá dúró pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, wọn ò fún un láàyè. Ẹni tó máa ń fa fáìlì wá sórí pẹpẹ kó fi ṣí i, kò ṣeé ṣe. Ẹni tó fẹ́ kí pẹpẹ tín-ín-rín, wọ́n yọ ìyẹn náà.

Ẹlòmíràn á ní, kí ló wá burú nínú kí pẹpẹ wà nísàlẹ̀? Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà látilẹ̀? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ojú oníṣẹ́ wò ó. Ojú kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Ti ayé ìsinsìnyí fẹ̀ gan-an, kò sì ga. Ọ̀pọ̀ nínú laptop àlòkù tí à ń rà jẹ́ ẹyọ 1366 ní fífẹ̀, ẹyọ 768 ní gíga, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tí wọ́n ń pè ní pixel. Pẹpẹ Windows 11 gba ẹyọ 48 nínú gíga yìí, ìdá kan nínú ìdá 16 nìyẹn. Bébà tí à ń tẹ̀ sì rèé, gíga ló ga, kò fẹ̀. Nítorí náà ẹni tó ń tẹ ìwé ní àyè rẹpẹtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò lò, ó sì ń wá àyè lókè àti nísàlẹ̀ tí kò rí. Ẹni tó bá gbé pẹpẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí àyè ti ṣòfò ló gbé e sí. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ màmá láyé ọjọ́sí kò ka ìwé kankan kó tó mọ ìyẹn.

Kí ló dé tí Microsoft fi ṣe bẹ́ẹ̀? Lọ́dún 2019, wọ́n kéde ètò kan tí wọ́n pè ní Windows 10X, tó wà fún kọ̀ǹpútà olójú méjì tí a lè pa dé bí ìwé. Lọ́dún 2021 wọ́n pa ètò yẹn tì, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ti kọ́ fún un ni wọ́n kó wá sínú Windows 11. Nígbà tí àwọn èèyàn ń béèrè lọ́dún 2022, àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ náà dáhùn pé bí pẹpẹ bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣẹ́ tí gbogbo ètò yòókù máa ṣe láti tún ara wọn tò yóò pọ̀ gan-an, pé iye àwọn tó sì ń fẹ́ ẹ kéré sí ti àwọn tó ń béèrè ohun mìíràn.

A gbọ́ àlàyé wọn. Ẹni tó bá ti tún ilé àtijọ́ ṣe rí mọ̀ pé ó máa ń rọrùn láti wó o ju kí á máa lẹ̀ ẹ́ lọ, àti pé bí a bá ń kọ́ tuntun, a lè gbàgbé fèrèsé kan. Ọ̀dọ́ kan nínú wa tilẹ̀ sọ pé òun fẹ́ràn ti tuntun, ó ní ojú rẹ̀ mọ́, kò sì sí wúruwùru lórí rẹ̀. Òun kì í ṣí ju nǹkan méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, a ò lè bá a jà. Ọ̀rọ̀ “wọ́n kéré” yẹn ni kò lọ tààrà lọ́nà ọ̀fun wa. Ta ló wá ka Ìyá Oníkọ̀ǹpútà mọ́ wọn? Ẹni tó ń ra dátà ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, tó ń fi epo pẹtiróòlù tan kọ̀ǹpútà, kò ní fi ìyókù rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Amẹ́ríkà pé wọ́n ti gbé pẹpẹ òun. Yóò gbà pé bó ṣe rí nìyẹn, bí màmá ṣe gbà, yóò sì máa bínú sí ara rẹ̀. Ẹni méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ọlọ́jà, tí a bá kó wọn jọ káàkiri ayé, wọ́n á kún ìlú.

Àwa tí a kúrò nílé wá sí ìlú yìí mọ ohun tí à ń pè ní ayálégbé. Onílé lè kun ilé lẹ́ẹ̀dà tó wù ú, ó lè gé igi tó ń fún ọ ní ibòòji, ìwọ á kàn jí bá a ni. Àwọn kan ń rò pé bí àwọn ti sanwó kọ̀ǹpútà, àwọn ti ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ fara balẹ̀ ka ìwé àdéhùn gígùn tó máa ń jáde kí èèyàn tó tẹ “mo gbà”, èyí tí gbogbo wa máa ń tẹ̀ láìkà. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé wọn kò ta ètò náà fún wa, ìyọ̀ǹda láti lò ó ni wọ́n fún wa. Ike àti irin tó wà lórí tábìlì ni tiwa. Ibi tí pẹpẹ yóò wà, ọ̀rọ̀ onílé ni.

Síbẹ̀, onílé yìí máa ń gbọ́ nígbà mìíràn. Lọ́dún 2012 tí Windows 8 jáde, wọ́n yọ bọ́tìnnì Start kúrò lórí pẹpẹ pátápátá. Ariwo sọ káàkiri ayé, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2013, Windows 8.1 dá bọ́tìnnì náà padà. Ti Windows 11 náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dá ẹrù padà. Lọ́dún 2022, ó tún ṣeé ṣe láti fa fáìlì wá sórí pẹpẹ. Lọ́dún 2023, wọ́n dá ààyè padà fún ìwé láti dá dúró pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Lọ́dún 2025, wọ́n jẹ́ kí àmì orí pẹpẹ lè kéré sí i. Ti gbígbé pẹpẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló pẹ́ jù nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni màmá ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ohùn tirẹ̀ kún un, kó tẹ bọ́tìnnì Windows àti F pọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn yóò ṣí.

Àwọn ẹnjiníà wa fẹ́ràn láti fi ètò ẹlòmíràn gbé pẹpẹ kiri. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ni ExplorerPatcher. A ò ní ó burú, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Ṣùgbọ́n ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ gbára lé kò sí lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Lọ́dún 2024, nígbà tí wọ́n ń múra ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2 sílẹ̀, ó kọ̀ láti wọlé sórí kọ̀ǹpútà tó bá ní in, àfi bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò ná. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti kọ́ọ̀tù, tí àṣìṣe kan lè tú ilé onílé ká, kò yẹ kó jí láàárọ̀ kó máa wá pẹpẹ rẹ̀.

Ẹlòmíràn tún sọ pé kí màmá fi Windows sílẹ̀, kó lọ sórí Ubuntu tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ Áfíríkà ni oludásílẹ̀ rẹ̀, Mark Shuttleworth láti South Africa, ọdún 2004 ló sì kọ́kọ́ jáde. Títí di ọdún 2011 ni wọ́n ń fi síídì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdodo: àwọn náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 2011 ni wọ́n gbé ètò Unity wọlé, tí pẹpẹ rẹ̀ wà lápá òsì nìkan, kò ṣeé gbé. Ó di ọdún 2016 kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gbé e wá sísàlẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú ìlú Linux, bí onílé kan bá le, ilé mìíràn wà lójú ọ̀nà kan náà, ẹrù rẹ kò sì ní í sọnù bí o bá kó lọ. Ti màmá, òsì gan-an ni ì bá dára fún un! Ṣùgbọ́n àwọn lọ́yà ń gbé ìwé wá láti inú Word, wọ́n sì fẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan wà níbi tí wọ́n fi í sí. A ò fọwọ́ sí i kó máa kọ́ ilé tuntun ní ọjọ́ orí rẹ̀, nígbà tí oníbàárà wà lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ni a wá ṣe? Ohun tó ṣeé ṣe ni a ṣe. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ń ṣe, kó fetí sílẹ̀. A wọ Settings, a wọ Personalization, a wọ Taskbar, a sọ̀ kalẹ̀ dé Taskbar behaviors. Níbẹ̀ ni a rí ìlà kan tó ní Combine taskbar buttons and hide labels. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni Always, a yí i sí Never. Lójú ẹsẹ̀ ni ìwé kọ̀ọ̀kan jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà àkọ́kọ́ ì bá ti ṣe èyí, kò mọ̀ pé wọ́n ti dá a padà ni. Nínú ojú ewé kan náà ni Taskbar alignment wà, a yí ìyẹn sí Left kí bọ́tìnnì Start kúrò láàárín, kó bọ́ sápá òsì níbi tí ojú màmá ti ríran.

Àwa tí à ń kọ ojú ìwé yìí náà rí ànfààní kan jẹ níbẹ̀. Láti bọ́ sórí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kí á lè rí ẹ, ọ àti ṣ tẹ̀, igun ọ̀tún pẹpẹ ni a ti ń tẹ àmì èdè lójoojúmọ́. Ọmọ tó ń bá màmá ṣiṣẹ́ ló fi hàn wá pé bí a bá tẹ bọ́tìnnì Windows àti bọ́tìnnì gígùn tó ń fi àyè sílẹ̀, èdè á yí padà láìfọwọ́ kan máòsì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń fi ọwọ́ wá a kiri.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan ọ̀pọ̀ yín. Àwọn kan ti gbọ́ ìtàn màmá, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò lórí Windows 10 láé, torí ibẹ̀ ni pẹpẹ ti ń gbọ́ràn. A ò bá wọn jiyàn lórí ìtura rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft dá àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10, wọ́n sì fi ọdún kan lé e fún àwọn aládàáni tó bá forúkọ sílẹ̀, títí di ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 2026. Kọ̀ǹpútà tí kò bá rí àtúnṣe ààbò gbà, bí ilé tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ló rí bó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ àlòkù tó wà lọ́jà kò yẹ fún Windows 11, torí ó ń béèrè ohun kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 àti ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò pẹ́ jù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi “ó máa gbà á” dá yín lóhùn. Ẹ ní kó tàn án lójú yín.

A padà lọ kí màmá lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Ìwé méje ló ṣí sílẹ̀, gbogbo wọn tò sísàlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ. Wàhálà kan ṣì wà: àyè ìsàlẹ̀ kò fẹ̀ bíi ti ẹ̀gbẹ́, nítorí náà lẹ́tà díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló ń hàn nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ bíi “Affidavit” ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì, gbogbo wọn sì wá ń jọra wọn. Ó ti yí i padà báyìí. Orúkọ oníbàárà ló ń kọ́kọ́ kọ, kó tó kọ irú ìwé tó jẹ́. Ọjọ́ méjì ló fi tún orúkọ fáìlì àtijọ́ kọ, lẹ́yìn tó bá ti ti ilẹ̀kùn. Bó bá sì ti fẹ́ tẹ ìwé jáde, á pe orúkọ oníwé sókè, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dáhùn kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Lọ́yà yẹn kò tíì padà wá fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó lọ, ó rán ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wá ṣe fóòtòkọ́pì ojú ìwé mẹ́rin. Màmá kò gba owó.